Orí Kẹfà: Yíyan Ètò Ìṣiṣẹ́ Oní-Kóòdù Gbangba fún Géèmù

Èróńgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) ṣàlàyé ohun tí ètò ìṣiṣẹ́ oní-kóòdù gbangba jẹ́;
(b) sọ ọ̀nà tí géèmù tí wọ́n kọ fún Windows ń gbà ṣiṣẹ́ lórí Linux;
(d) mọ irú géèmù tí kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀;
(e) yan ẹ̀yà Linux tó bá géèmù àti kọ̀ǹpútà ẹnì kan mu;
(ẹ) dán ẹ̀yà náà wò láìba ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà jẹ́.

6.1 Ìfáàrà

Ẹni tó bá fẹ́ máa gbá géèmù lórí Linux sábà máa ń béèrè pé, "Linux wo ló dára jù?" Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo sí ìbéèrè yìí, nítorí géèmù tí kálukú ń gbá yàtọ̀, kọ̀ǹpútà ọwọ́ wọn náà sì yàtọ̀. Ìlànà tí a ó máa tẹ̀ lé ni pé kí a kọ́kọ́ wo géèmù, kí a wo kọ̀ǹpútà ṣìkejì, lẹ́yìn náà ni kí a tó wá yan ètò ìṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi orúkọ tó gbajúmọ̀ ṣáájú lè jó ọ̀pọ̀ dátà, kí ó sì fi odidi ọjọ́ kan ṣòfò, kí ó tó mọ̀ pé géèmù tí òun fẹ́ràn jù kò ní ṣí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àtìlẹ́yìn gbogbogbòò tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 dópin. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kò gba gbogbo kọ̀ǹpútà: ó fẹ́ TPM 2.0, èyí tó ń pa kọ́kọ́rọ́ ààbò mọ́ nínú ẹ̀rọ, ó sì fẹ́ kí prósẹ́sọ̀ Intel jẹ́ ti ìran kẹjọ sókè, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ péré. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Ìkẹjà àti níbòmíràn kò dójú ìwọ̀n yìí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì lágbára láti ṣiṣẹ́. Linux ṣì ń gba irú wọn, ó sì ń fún wọn ní àtúnṣe ààbò lọ́fẹ̀ẹ́.

6.2 Ohun tí ètò ìṣiṣẹ́ oní-kóòdù gbangba jẹ́

Ètò ìṣiṣẹ́ ni sọ́fítíwíà tó ń darí gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín RAM fún àwọn iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, òun ló ń ka fáìlì, òun ló sì ń bá káàdì àwòrán, kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ohùn sọ̀rọ̀. Tí ìwé àṣẹ rẹ̀ bá gba ẹnikẹ́ni láyè láti ka kóòdù rẹ̀, láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíràn, a ó pè é ní ètò ìṣiṣẹ́ oní-kóòdù gbangba.

Ní ọdún 1983, Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà, ète rẹ̀ ni láti kọ ètò ìṣiṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè lò kí wọ́n sì tún ṣe fàlàlà. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, gbé kernel tó kọ jáde. Kernel ni ọkàn ètò ìṣiṣẹ́, òun ló ń bá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1992, Torvalds fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL tí iṣẹ́ GNU ń lò, bí àwọn iṣẹ́ méjèèjì ṣe pàdé nìyẹn.

Kernel nìkan kò tó ẹni tó fẹ́ lo kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹgbẹ́ oríṣiríṣi wá ń kó kernel, ojú iṣẹ́, dráífà àti ilé ìtọ́jú sọ́fítíwíà pọ̀ sójú kan. Ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá kó jọ ni à ń pè ní ẹ̀yà Linux. Debian bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ní 2004 ni Ubuntu jáde láti ara Debian, ní 2006 sì ni Linux Mint jáde láti ara Ubuntu. Fedora bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ìran tirẹ̀ yàtọ̀. Mímọ ìran ẹ̀yà kan wúlò fún olùbẹ̀rẹ̀: ọ̀pọ̀ ojútùú tí wọ́n kọ fún Ubuntu ló ń ṣiṣẹ́ lórí Mint, ṣùgbọ́n àṣẹ tí wọ́n kọ fún Ubuntu lè má ṣiṣẹ́ rárá lórí Fedora.

6.3 Bí géèmù Windows ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Linux

Windows ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ géèmù fún. Bí géèmù bá ń lọ, ó ń bẹ Windows ní iṣẹ́ láìdákẹ́: ṣí fáìlì yìí, gbé ohùn yẹn jáde, ya àwòrán yìí sójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà tí Windows ń gbà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí kọ́ ni Linux ń gbà gbọ́ tirẹ̀. Wine, iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, dúró láàárín wọn bí ògbufọ̀: ó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ géèmù ní èdè Windows, ó sì ń fi èdè Linux jẹ́ iṣẹ́ náà.

Kókó kan wà níbí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Wine kì í ṣe àfarawé kọ̀ǹpútà mìíràn. Prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò géèmù ní tààrà, ẹ̀bẹ̀ tí géèmù ń bẹ ètò ìṣiṣẹ́ nìkan ni Wine ń túmọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ géèmù fi ń sáré lórí Linux fẹ́rẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń sáré lórí Windows.

Àwòrán ló le jù láti túmọ̀. Lórí Windows, Direct3D ni ọ̀pọ̀ géèmù fi ń pàṣẹ fún káàdì àwòrán. Lórí Linux, Vulkan, tí ẹgbẹ́ Khronos gbé jáde ní 2016, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. DXVK, tí Philip Rebohle bẹ̀rẹ̀, ló ń sọ àṣẹ Direct3D di ti Vulkan, VKD3D-Proton sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Direct3D 12. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Valve àti CodeWeavers kó Wine àti DXVK pọ̀ di Proton, wọ́n sì fi í sínú Steam, ilé ìtajà géèmù Valve lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tó fẹ́ gbá géèmù Windows ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ó sì máa ń sú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní báyìí, Steam ló ń tò ó fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, Valve bẹ̀rẹ̀ sí í fi Steam Deck ránṣẹ́ sí àwọn tó rà á. Ẹ̀rọ géèmù alágbèéká ni, SteamOS tó jẹ́ ẹ̀yà Linux ló sì ń darí rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń ṣe géèmù ní ìdí láti dán iṣẹ́ wọn wò lórí Linux. Ẹni tó bá ń lo Mint tàbí Fedora nílé náà ń jẹ nínú àǹfààní yìí, torí Proton kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

6.4 Ìbéèrè kìíní: géèmù wo lo fẹ́ gbá?

Kọ orúkọ géèmù tí o ń gbá jù sórí ìwé, kí o sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin yìí.

*Ọ̀wọ́ (a): àwọn tí wọ́n kọ fún Linux gan-an.* Dota 2, Counter-Strike 2, Stardew Valley àti Minecraft oní-Java wà níbẹ̀. Àwọn géèmù tí kóòdù tiwọn náà wà ní gbangba tún wà, tí a kì í sanwó fún: SuperTuxKart fún eré ìdíje ọkọ̀, 0 A.D. àti The Battle for Wesnoth fún ogun oníṣirò, Luanti fún kíkọ́ ayé tuntun. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀ lè fi àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀.

*Ọ̀wọ́ (b): géèmù Windows tí ènìyàn ń dá gbá.* Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Proton láìsí wàhálà. The Witcher 3, Cyberpunk 2077 àti Hades jẹ́ àpẹẹrẹ.

*Ọ̀wọ́ (d): géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí adènà ojóró wọn gba Linux.* Adènà ojóró ni sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹnì kan má baà fi màgòmágó borí àwọn yòókù. Láti ọdún 2021, Easy Anti-Cheat àti BattlEye ti lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ Proton, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún géèmù tirẹ̀. Elden Ring wà nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́.

*Ọ̀wọ́ (e): àwọn tó ti ilẹ̀kùn.* Valorant, Fortnite, àwọn Call of Duty tuntun àti EA Sports FC tó jẹ́ géèmù bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Àdéhùn ọ̀wọ́ (d) kì í sì í ṣe títí láé: Apex Legends ń ṣiṣẹ́ lórí Linux tẹ́lẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni àwọn tó ni ín dí i pa.

Kí ló fà á? Adènà ojóró tó le jù máa ń wọ inú kernel Windows lọ, níbi tó ti lè rí ohun gbogbo. Lórí Linux, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà láṣẹ láti yí kernel rẹ̀ padà bó ṣe wù ú. Àṣẹ yìí gan-an, tó jẹ́ ògo kóòdù gbangba, ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń bẹ̀rù. Kò sí ẹ̀yà Linux kankan tó lè yanjú èyí, nítorí náà má ṣe máa ti orí ẹ̀yà kan bọ́ sórí òmíràn nítorí rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù gbajúmọ̀ láàárín wa, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba: ẹni tó jẹ́ pé EA Sports FC ni gbogbo géèmù rẹ̀, kí ó má kúrò lórí Windows. Ẹni tó ń gbá a pẹ̀lú àwọn mìíràn lè fi Windows àti Linux sórí kọ̀ǹpútà kan náà, kí ó máa yan èyí tó fẹ́ bó bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀.

Fún géèmù tí kò sí nínú àpẹẹrẹ wa, wo ProtonDB, níbi tí àwọn oníṣe ti ń sọ bí géèmù kọ̀ọ̀kan ṣe lọ lórí kọ̀ǹpútà wọn. "Platinum" ni èyí tó ń lọ geerege láìsí àtúntò, "borked" sì ni èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá. Má ṣe fi ipò nìkan ṣe ìdájọ́. Ka ìjábọ̀ oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kí o sì wá ìjábọ̀ ẹni tí káàdì àwòrán rẹ̀ bá tìrẹ mu.

6.5 Ìbéèrè kejì: kọ̀ǹpútà wo lo ní?

*Káàdì àwòrán.* Tó bá jẹ́ AMD tàbí Intel, dráífà rẹ̀ ti wà nínú kernel àti nínú Mesa, tó jẹ́ àkójọ dráífà oní-kóòdù gbangba. O kò ní fi nǹkan kan kún un. Tó bá jẹ́ NVIDIA, dráífà tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe lo nílò fún géèmù, ẹ̀yà tó bá mú èyí rọrùn ni kí o yàn.

*Ọjọ́ orí káàdì náà.* Proton òde òní ń béèrè Vulkan 1.3. Káàdì tó wà nínú prósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹrin àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní i ní pípé. Ti ìran kẹfà sókè ní i. Tí láptọ́ọ̀pù rẹ bá jẹ́ ti ìran kẹrin, géèmù ọ̀wọ́ (a) ni kí o gbára lé jù, kí o má sì retí ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ Proton tuntun.

*RAM àti ibi ìpamọ́.* Linux Mint lè tàn pẹ̀lú GB 2, GB 4 ni wọ́n dámọ̀ràn. Fún géèmù, GB 8 ló bójú mu. Fi géèmù rẹ sórí ibi ìpamọ́ tí a to ní ọ̀nà ext4 tàbí Btrfs. Bí o bá fi wọ́n sílẹ̀ sórí NTFS ti Windows, Proton lè kọ̀ láti ṣí wọn.

6.6 Àwọn ẹ̀yà tó yẹ olùbẹ̀rẹ̀

| Ẹ̀yà | Orísun rẹ̀ | Ẹni tó yẹ | Ohun tó yẹ kí ó ṣọ́ |
|---|---|---|---|
| Linux Mint | Ubuntu | Ẹni tó ń kúrò lórí Windows, láptọ́ọ̀pù àlòkù | Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè nílò kernel tuntun |
| Ubuntu LTS | Debian | Ẹni tó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ níbi gbogbo | Steam oní-snap |
| Pop!_OS | Ubuntu | Ẹni tó ní NVIDIA | Ojú iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ ti Windows |
| Fedora | Òun fúnra rẹ̀ | Ẹni tó ní AMD tuntun | Dráífà NVIDIA kò sí nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ |
| Bazzite | Fedora | Ẹni tó fẹ́ géèmù ju ohun gbogbo lọ | Ó ń jẹ dátà |
| SteamOS | Arch | Ẹni tó ní Steam Deck tàbí irú rẹ̀ | Kò wà fún kọ̀ǹpútà gbogbo |

*Linux Mint* ni a máa kọ́kọ́ dámọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ojú iṣẹ́ Cinnamon rẹ̀ jọ ohun tí ẹni tó ti lo Windows mọ̀, bọ́tìnnì àkójọ ètò wà nísàlẹ̀ lápá òsì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dà Xfce rẹ̀ fúyẹ́ fún kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kéré. Driver Manager rẹ̀ ń wá dráífà NVIDIA fúnra rẹ̀, Timeshift sì ń ya àwòrán ètò ìṣiṣẹ́ pamọ́, kí ènìyàn lè padà sí ipò àná bí àtúnṣe kan bá da nǹkan rú. Mint 22, tó jáde ní oṣù Keje ọdún 2024, yóò máa gba àtúnṣe ààbò títí di ọdún 2029.

*Bazzite* gba ọ̀nà mìíràn. Steam àti dráífà ti wà nínú rẹ̀ kí o tó tàn án, ẹ̀dà ọ̀tọ̀ sì wà fún NVIDIA. Àwọn fáìlì pàtàkì inú rẹ̀ wà ní títì, oníṣe kò lè ṣèèṣì bà wọ́n jẹ́. Bí àtúnṣe bá dé, odidi ètò ìṣiṣẹ́ ló ń rọ́pò èyí tó wà tẹ́lẹ̀, bí tuntun kò bá sì dára, o lè tan ti tẹ́lẹ̀. Ààbò ńlá nìyí fún ẹni tí kò tíì mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n fáìlì rẹ̀ tóbi ju ti Mint lọ dáadáa, àtúnṣe rẹ̀ náà sì ń dé léraléra. Ẹni tó jẹ́ pé dátà orí fóònù ló fi ń ṣiṣẹ́ yóò rò ó dáadáa.

*Ubuntu*, tí Mark Shuttleworth dá ilé-iṣẹ́ Canonical sílẹ̀ láti máa ṣe, ń gbé ẹ̀dà LTS, ìyẹn èyí tí wọ́n ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́, jáde ní ọdún méjì méjì, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá yàn án, gba fáìlì Steam láti ọwọ́ Valve fúnra wọn, má lo ti snap, ọ̀nà ìdìpọ̀ sọ́fítíwíà tí Canonical ṣe. *Fedora* ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ìdí nìyẹn tí káàdì AMD tuntun fi ń tètè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

6.7 Àpẹẹrẹ tí a ṣe

*Àpẹẹrẹ 1.* Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, Intel ìran kẹfà, RAM GB 8, kò ní káàdì àwòrán ọ̀tọ̀. Ó ń gbá Stardew Valley àti SuperTuxKart, ó sì ń kọ iṣẹ́ ilé-ìwé lórí ẹ̀rọ kan náà.
*Ìdáhùn.* Géèmù méjèèjì wà ní ọ̀wọ́ (a). Dráífà Intel ti wà nílẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kò lè gba Windows 11. Linux Mint ló yẹ ẹ́.

*Àpẹẹrẹ 2.* Ẹlòmíràn ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ní káàdì AMD Radeon RX 6600. Ó ń gbá Cyberpunk 2077 àti Elden Ring lójoojúmọ́, ó sì máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá EA Sports FC ní òpin ọ̀sẹ̀.
*Ìdáhùn.* Méjì àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ẹ̀kẹta wà ní ọ̀wọ́ (e). Bí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá dára, Bazzite tàbí Fedora ló yẹ ẹ́, kí ó fi í sórí díìsìkì kejì, kí ó fi Windows sílẹ̀ sórí àkọ́kọ́ fún bọ́ọ̀lù.

6.8 Dídán ẹ̀yà wò kí a tó gbà á wọlé

1. Ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì rẹ pàtàkì sí ibòmíràn. Bí Windows rẹ bá ń lo BitLocker, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti díìsìkì pa, kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sílẹ̀.
2. Dáńlóòdù fáìlì ISO láti ojúlé ẹ̀yà náà gan-an. Fi SHA256 rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ fáìlì náà, wé èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí o lè mọ̀ pé fáìlì náà pé.
3. Fi Rufus tàbí balenaEtcher kọ ọ́ sórí fúláàṣì tó tó iye rẹ̀. GB 8 tó fún Mint. Ohun tó wà lórí fúláàṣì náà tẹ́lẹ̀ yóò pa rẹ́.
4. Mint àti Ubuntu lè tàn láti orí fúláàṣì láìfọwọ́ kan díìsìkì. Wo Wi-Fi, ohùn, ojú kọ̀ǹpútà, àti bóyá ẹ̀rọ náà ń jí dáadáa bó bá ti sùn. Má fi ipò yìí dá eré sísá géèmù lẹ́jọ́, torí fúláàṣì kì í yára.
5. Ṣí ètò kíbọ́ọ̀dù, kí o sì wá Nàìjíríà. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá wà níbẹ̀, o kò ní dáńlóòdù ohunkóhun láti tẹ ẹ, ọ àti ṣ.
6. Bí ohun gbogbo bá dára, fi í sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí iná wà tàbí tí bátìrì kún. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ yìí, ètò ìṣiṣẹ́ lè bàjẹ́.
7. Fi Steam sí i, kí o sì fi géèmù kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, lọ sí Properties ti géèmù náà, yan Compatibility, kí o sì gbìyànjú Proton mìíràn.

6.9 Àkópọ̀

Géèmù ló ń sọ bóyá Linux yẹ ọ́, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ẹ̀yà tó yẹ ọ́. Wine, DXVK àti Proton ti mú kí ọ̀pọ̀ géèmù Windows ṣiṣẹ́, adènà ojóró sì ni ìdènà tó ga jù tó kù. Fún ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀, Linux Mint ni ibi tó rọrùn jù láti gbà wọlé, Bazzite sì dára fún ẹni tí géèmù jẹ lógún tí dátà rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tó bá yàn dáadáa yóò rí ju géèmù lọ: kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ti gbó yóò máa bá a ṣiṣẹ́ lọ, kóòdù tó ń darí rẹ̀ yóò sì wà ní ṣíṣí fún un ní ọjọ́ tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kernel àti ẹ̀yà Linux?
2. Ṣàlàyé ìdí tí Wine kò fi jẹ́ àfarawé kọ̀ǹpútà mìíràn.
3. Kí ni iṣẹ́ DXVK, kí ló sì dé tí ọjọ́ orí káàdì àwòrán fi kan iṣẹ́ náà?
4. "Bí Valorant kò bá ṣí lórí Mint, kí n gbìyànjú Fedora." Sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìmọ̀ràn yìí.
5. Dárúkọ àǹfààní kan àti ìnira kan tó wà nínú ọ̀nà tí Bazzite ń gbà ṣe àtúnṣe.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Wá ẹni méjì nínú kíláàsì rẹ tó ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà. Kọ géèmù márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn jù, pín wọn sí ọ̀wọ́ (a) títí dé (e), kí o sì kọ irú prósẹ́sọ̀, káàdì àwòrán àti RAM tó ní. Yan ẹ̀yà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàbí kí o sọ pé kí ó má kúrò lórí Windows, kí o sì fi gbólóhùn mẹ́ta gbe ìpinnu rẹ lẹ́sẹ̀.